Ẹni Tó Bá Dákẹ́ Lórí Òkè: Ọ̀rọ̀ Alága Níbi Ìpàdé Ọlọ́dọọdún

   

Bí ẹ ti mọ̀, èmi kò pẹ́ nílé ìwé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó gba ọjà lọ. Ìwé ìròyìn, rédíò, àti àwọn èèyàn tí mo bá pàdé lẹ́nu òwò ni wọ́n kọ́ mi ní ìyókù. Akọ̀wé wa sọ pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera lọ́dún yìí. Mo ní mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí ojú mi rí ni mo lè sọ. Nítorí náà mo fẹ́ mú yín lọ sórí òkè tí gbogbo wa máa ń rí láti Douala níbí nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́. Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ní sùúrù fún mi.

ÒKÈ NÁÀ

Òkè Kamẹrúùnù ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n tún ń pè ní Fako. Gíga rẹ̀ lé ní 4,000 mítà. 4,095 ni wọ́n sábà máa ń kọ sínú ìwé. Ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, kò sí òkè mìíràn tó ga tó o. Èyí tó ga jù ní Nàìjíríà, Chappal Waddi, tó wà ní ìpínlẹ̀ Tàràbà lẹ́bàá ẹnubodè, 2,419 mítà ni. Òkè Olúmọ tí à ń fi yangàn, 137 mítà ni wọ́n kà á sí láti ìtẹ́jú òkun. Bí ẹ bá to ọgbọ̀n irú Olúmọ léra, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí Fako nìyẹn.

Òkè ayọnáyèéfín ni. Ó yọ iná ní 1922, 1959, 1982, 1999, 2000 àti 2012. Àwa tí a ti wà níbí rántí ti 1999 dáadáa. Òkúta yíyọ́ ṣàn láti ara òkè wá sílẹ̀ títí ó fi gé ọ̀nà tó ti Limbe lọ sí Idenau, nítòsí Bakingili. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù kó wọ inú òkun. Àwọn tó ń kó ọjà wá láti Oron pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ń gúnlẹ̀ sí Idenau, mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn Bákwéri ni onílẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n ní òrìṣà òkè náà, Epasa Moto, ìdajì rẹ̀ èèyàn ni, ìdajì rẹ̀ òkúta. Kò yẹ kí ìyẹn ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú wa, torí Ìbàdàn ń bọ Òkè'Bàdàn, ará Ìdànrè sì mọ ohun tí òkè jẹ́ fún wọn. Bí a bá dé ilé onílé, a máa ń bọ̀wọ̀ fún ohun tó ń bọ̀wọ̀ fún.

Àwa Yorùbá kì í sì í ṣe àjèjì pátápátá ní ẹsẹ̀ òkè yẹn. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso apá ibẹ̀ pa pọ̀ mọ́ Nàìjíríà, kí wọ́n tó dìbò ní 1961 pé àwọn ń lọ bá Kamẹrúùnù, àwọn kan nínú àwọn bàbá wa ti gba Kálàbá wá sí Victoria, ìlú tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Limbe ní 1982. Àwọn kan padà sílé, àwọn kan dúró. Àwọn ọmọ wọn wà nínú gbọ̀ngàn yìí.

Láti 1973 ni wọ́n ti ń sá eré ìje lórí òkè náà. Ilé iṣẹ́ ọlọ́tí ló kọ́kọ́ ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Lónìí Eré Ìje Ìrètí ni wọ́n ń pè é. Láti pápá ìṣeré Molyko ní Buea ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n á sáré dé ṣóńṣó òkè, wọ́n á sì sáré padà lọ́jọ́ kan náà. Ó ń lọ sí bíi kìlómítà méjìdínlógójì ní àlọ àti àbọ̀. Obìnrin kan wà, Sarah Etonge, tó gba ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn obìnrin lẹ́ẹ̀meje. Ọbabìnrin Òkè ni wọ́n ń pè é. Èmi kọ́ ni mo sá irú ìyẹn o. Tèmi jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú amọ̀nà.

BÍ MO ṢE DÉBẸ̀

Bàtà ni mò ń tà ní Mboppi, gbogbo yín mọ̀. Mò ń ta bàtà òkìrìkà tí wọ́n fi ń sáré, mo sì ń ta bàtà rọ́bà tí wọ́n ń pè ní Dschang shoes níbí. Àwọn alárù orí òkè fẹ́ràn bàtà rọ́bà yẹn, torí kì í fa omi mu, kò sì wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn amọ̀nà Buea máa ń wá ra púpọ̀ fún àwọn alárù rẹ̀. Ọmọ Bákwéri ni, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í yọ̀ mọ́ owó. Lọ́jọ́ kan ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Pa, ẹ ń ta bàtà eré, ẹ ò sì sáré rí.”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi nígbà yẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé kí n dín iyọ̀ kù, kí n máa lo oògùn, kí n sì máa rìn lójoojúmọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárọ̀ kùtù kí ọjà tó ṣí. Ìrìn di ìrìn kíákíá, ìyẹn di eré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀, mo lè sá kìlómítà mẹ́wàá láìdúró, dókítà sì ní ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀. Mo padà tọ amọ̀nà náà lọ. Ó ní òun ń mú àwọn sárésáré kan gun òkè ní oṣù kejìlá ọdún 2014, ọjọ́ mẹ́ta, oorun alẹ́ méjì lórí òkè. Mo ní kó kọ orúkọ mi. Mo lọ fi ìwé han dókítà, ó ní kò burú, àmọ́ kí n má fi oògùn mi sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ Yorùbá. Kí n tó gbéra, gbogbo ọjà ti gbọ́. Mo ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé èmi ni Yorùbá àkọ́kọ́ láti Mboppi tí yóò sáré dé orí Fako. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan ta tẹ́tẹ́. Ìgbéraga yẹn, mo rù ú gun òkè, ó sì wúwo ju gbogbo ẹrù tí àwọn alárù gbé lọ.

ÒFIN MẸ́RIN

Àwa mẹ́jọ ni: Faransé márùn-ún, ọmọ Kamẹrúùnù méjì láti Yaoundé, àti èmi. Amọ̀nà wà, ó ní igbákejì méjì, àwọn alárù sì ń gbé oúnjẹ, omi àti aṣọ ìbora wa. Ní alẹ́ tó ṣáájú, amọ̀nà kó wa jọ ní Buea, ó sọ òfin mẹ́rin fún wa ní Faransé àti ní Pidgin.

Èkíní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá amọ̀nà iwájú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kù sẹ́yìn amọ̀nà ìkẹyìn. Èkejì, ẹni tó bá ń sáré tí kò lè bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ti ń yára jù, kó rìn. Ẹ̀kẹta, ní gbogbo ibi tí a bá ti dúró, wọn yóò kà wá, a ò sì ní kúrò títí iye yóò fi pé. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí orí bá ń fọ́, tí èébì bá ń gbé, tàbí tí ojú bá ń ṣú, kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní, “Òkè yìí kò mọ olówó, kò mọ akọni. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ni mo lè ràn lọ́wọ́.”

Gbogbo wa mi orí. Mo mi tèmi jù gbogbo wọn lọ.

ỌJỌ́ KÌN-ÍN-NÍ

Agogo mẹ́fà àárọ̀ la gbéra. Buea fúnra rẹ̀ ti ga tó bíi 1,000 mítà, ìdí nìyẹn tí ó fi tutù ju Douala lọ, tí àwọn Jámánì fi gbé ìjókòó ìjọba wọn lọ síbẹ̀ ní 1901. A la inú oko kọjá, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, a sì wọ igbó dúdú. Ẹ má rò pé eré orí òkè jọ eré ojú títì. Níbi tó bá tẹ́jú, a sá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Níbi tó bá dagun, kódà àwọn Faransé tó mọ eré sá, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, wọ́n ń rìn ní ìgbésẹ̀ kéékèèké. Amọ̀nà ní ẹni tó bá sá gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ní lè rìn lọ́jọ́ kejì.

A dé ahéré àkọ́kọ́, a simi, wọ́n kà wá. Lẹ́yìn ìyẹn igbó ṣàdédé tán, bí ìgbà tí èèyàn bá jáde nílé. Koríko ló kù, àti òkúta dúdú, àti ọ̀nà tó dagun bí àkàbà. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí ìkùukùu nísàlẹ̀ wa. Mo ti dé Mẹ́kà, mo ti wọ bàlúù, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kò fi ẹsẹ̀ mi dé òkè ìkùukùu rí. Omi bọ́ lójú mi. Mo dúpẹ́.

Nígbà tí a fi máa dé ahéré kejì, tó ga tó bíi 2,850 mítà, orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Igbákejì amọ̀nà bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé báwo ni ara. Ọ̀kan nínú àwọn Faransé ní orí ń fọ́ òun. Wọ́n fún un lómi, wọ́n ní kó jókòó, wọ́n ń wá wò ó. Ó kàn mí. Mo ní, “Ara le. Kò sí wàhálà.” Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya fọ́tò mi, níwájú ahéré, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rántí fọ́tò yẹn.

Òtútù alẹ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ọjà: bí a bá gun 1,000 mítà, òtútù a máa fi bíi ìwọ̀n mẹ́fà pọ̀ sí i lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru. Bí Douala bá wà ní ọgbọ̀n, ṣóńṣó Fako á wà ní bíi mẹ́fà ní ọ̀sán gangan, ìyẹn láìka atẹ́gùn. Lóru ńkọ́? Súwẹ́tà méjì ni mo wọ̀, mo ṣì ń gbọ̀n. N ò sùn. Orí ń lù mí bí ìlù. Ní bíi agogo mẹ́rin mo jáde lọ bì lẹ́yìn ahéré, mo fi ẹsẹ̀ wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó kí wọ́n má baà rí i.

ỌJỌ́ KEJÌ

Kí ló ń ṣe mí? Amọ̀nà ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà, mo sì tún lọ bi dókítà. Bí a bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́. Ní 4,000 mítà, bíi ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ọ́síjìn tí èèyàn ń rí mí sínú létí òkun ló kù. Ara lè kọ́ bí yóò ṣe máa fi díẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ àkókò. Ìmọ̀ràn àwọn tó mọ̀ ni pé bí èèyàn bá ti kọjá 3,000 mítà, kí ibi tó máa sùn má fi ju 500 mítà lọ ga ju ibi tó sùn lánàá. Ìṣòro Fako ni pé láti etí òkun ni èèyàn ti ń bọ̀, á sì fẹ́ dé ṣóńṣó láàárín ọjọ́ méjì. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á, orí á kọ́kọ́ fọ́, èébì á gbé e. Bó bá ṣì ń gòkè, ọpọlọ lè wú, á máa ta gbọ̀ngbọ́n bí ọ̀mùtí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dàrú. Omi sì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn a máa pa èèyàn. Kì í mọ alágbára: ẹni tó lè sáré jù lè jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ mú. Ìtọ́jú tó dájú jù ni pé kó sọ̀kalẹ̀ kíákíá.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí a fi gbéra sí ṣóńṣó, tọ́ọ̀ṣì lórí olúkúlùkù. Mò ń mí gúlegúle. Mo ń sọ fún ara mi pé, “Díẹ̀ ló kù. Kí ni wàá sọ ní Mboppi?” A ti fẹ́ sún mọ́ ahéré kẹta nígbà tí ọmọdékùnrin alárù kan tó ń tẹ̀ lé mi pe amọ̀nà. Ó ní Pa yìí ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó mutí. Amọ̀nà padà wá bá mi. Ó bi mí ní Pidgin pé ibo la sùn lánàá. Mo dá a lóhùn. Ó tún bi mí. Mo tún dá a lóhùn, inú sì ń bí mi pé kò gbọ́. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Yorùbá ni mò ń sọ sí i, àti pé Ìlọrin ni mo ní a sùn.

Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí igbákejì kan àti alárù náà mú mi sọ̀kalẹ̀ báyìí. Mo bú u. Mo ní mo ti sanwó. Ó ní, “Òkè kò ní sá. Ìwọ ni mi ò mọ̀ bóyá màá tún rí.” Wọ́n dì mí mú lápá méjèèjì. A sọ̀kalẹ̀ kọjá ahéré kejì, a kò dúró títí a fi wọ inú igbó, a sì dé ahéré àkọ́kọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, orí fífọ́ náà ti lọ bí ẹni pé kò wá rí. Mo jẹ ìrẹsì àwo méjì. Mo mọ ibi tí mo wà. Nígbà náà ni ẹ̀rù wá bà mí gan-an.

ỌJỌ́ KẸTA

Àwọn ìyókù dé ṣóńṣó, wọ́n gba ẹ̀yìn òkè sọ̀kalẹ̀ lọ sùn ní Mann's Spring, ibi tí omi wà, torí omi ṣọ̀wọ́n lórí òkè yẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n sá gba ọ̀dọ̀ àwọn ihò iná 1999 wá sí ìsàlẹ̀. Èmi wọ ọkọ̀ láti Buea dé Limbe, mo lọ dúró dè wọ́n ní Bakingili, níbi tí òkúta 1999 ti gé títì. Dúdú ni òkúta náà, ó rí bí èédú, koríko tútù sì ti ń yọ láàárín rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ, wọ́n gbá mi mọ́ra. Kò sí ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Amọ̀nà kà wá, ó ní, “Mẹ́jọ. Iye pé.” Ohun tó mú inú rẹ̀ dùn jù nìyẹn, ju ṣóńṣó lọ.

OHUN TÍ MO FẸ́ JẸ́WỌ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ògiri ọwọ́ ọ̀tún yín. Fọ́tò mi ló wà níbẹ̀ láti 2015. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ẹnì kan nínú àwọn ọ̀dọ́ kọ ọ́ pé mo wà lórí ṣóńṣó Òkè Kamẹrúùnù. Ẹni tó kọ ọ́ kò purọ́, ohun tó rò ni. Èmi ni mo gbọ́ tí mo dákẹ́. Akápò ni mí nígbà náà, oyè alága sì wù mí. Ahéré kejì ni wọ́n ti ya fọ́tò yẹn. Ó ku ohun tó lé ní 1,200 mítà kí n dé ṣóńṣó. Mi ò dé ibẹ̀ rí títí di òní.

Ẹ lè sọ pé irọ́ kékeré ni, kí ló kan ìlera? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kàn.

Lọ́dún tó kọjá a sin ọ̀kan nínú wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Aṣọ ló ń tà. Kì í pa ìpàdé jẹ, kì í jẹ gbèsè owó ẹgbẹ́, gbogbo aṣọ ẹbí ló ń rà. Bí a bá bi í pé báwo ni, á ní, “Kò sí wàhálà.” Lẹ́yìn ìsìnkú ni a rí ìwé dókítà nínú àpò rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni ìwé náà ti wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń ba kíndìnrín jẹ́, kò sì ra oògùn náà. Owó èlé ló fi ń san owó ẹgbẹ́ àti aṣọ ẹbí tí à ń yìn ín fún. Mo ṣírò owó oògùn oṣù mẹ́jọ náà. Kò tó owó màlúù kan tí a pa níbi àjọ̀dún wa.

Ní bíi oṣù mẹ́ta kó tó kú, ó wá bá mi nínú gbọ̀ngàn yìí. Èmi nìkan ni mo wà, mò ń ka owó. Ó jókòó. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá gbójú sókè wo fọ́tò yẹn, ó ní, “Alága, ẹ̀yin ní ọkàn akọ o.” Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kú iṣẹ́, ó dìde, ó lọ. N kò mọ ohun tó bá wá, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń bi ara mi pé, bó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò yẹn ni pé ibi tí orí ti ń fọ́ Alága rèé, tí kò sọ fẹ́nikẹ́ni, tí ọmọdé alárù ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ṣé kò ní ṣí ẹnu rẹ̀?

Àwọn bàbá wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ pé kó dákẹ́? Àwa tá a jókòó síwájú ni.

OHUN TÍ MO DÁ LÁBÀÁ

Mo ti bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí lónìí rèé, òfin amọ̀nà náà ni mo mú wálé.

Èkíní, amọ̀nà iwájú. Àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, a ó fà á lé ẹni tó ti pẹ́ níbí lọ́wọ́ fún oṣù mẹ́ta. Òun ni yóò mú un lọ gba ìwé ìgbélùú, tí yóò fi ọjà hàn án, tí yóò sọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe fún un. Àjèjì lójú, kò fi ríran.

Èkejì, amọ̀nà ìkẹyìn. Ní ìsọ̀rí ọjà kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan yóò mójú tó èèyàn mẹ́wàá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo ẹ̀yìn. Bí ọmọdé bá rí i pé àgbà ń ta gbọ̀ngbọ́n, kó sọ, kò sí ẹni tó máa ní ó rí àgbà fín.

Ẹ̀kẹta, kíkà. Ẹni tí a kò bá rí nípàdé méjì léra, a ó lọ sílé rẹ̀. Kì í ṣe láti gba owó ìtanràn o, láti mọ bó ṣe wà ni.

Ẹ̀kẹrin, sísọ. Owó àrùn yóò wà lọ́tọ̀, a ó sì mú nǹkan kúrò nínú owó màlúù láti fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá gbà nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò ní jáde nínú ìpàdé. Akápò, Ìyálọ́jà àti èmi nìkan la máa mọ̀. Ẹni tí nǹkan kò bá rọ̀ fún, kó wí, a ó fún un ní àyè lórí owó ẹgbẹ́, aṣọ ẹbí kì í sì í ṣe dandan mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn nọ́ọ̀sì méjì tó wà láàárín wa ti gbà láti máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní gbogbo ìpàdé, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn báyìí pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn.

Kí ó má baà di pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ojoojúmọ́ ni mò ń lo oògùn. Lọ́dún 2020 tí àrùn kòrónà dé tí ẹnubodè tì, ọjà mi bàjẹ́, mo sì jẹ gbèsè tí mi ò tíì san tán. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ lónìí, èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á fẹ́ gun òkè náà. Mi ò dá yín lẹ́kun, ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà. Láti ìparí 2016 ni wàhálà ti wà ní apá ibẹ̀, àti ní oṣù kejì ọdún 2023 àwọn nǹkan bú gbàù nígbà eré ìje náà gan-an, ó sì ṣe àwọn sárésáré kan léṣe. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa tó wà ní Buea. Abéèrè kì í ṣìnà. Bí ọ̀nà bá sì ṣí, ẹ rí dókítà, ẹ gba amọ̀nà, ẹ má gbà á ní ìrìn ìje. Bí ọjọ́ bá pọ̀ sí i, owó díẹ̀ ló fi pọ̀ sí i. Ẹ̀mí ló ń gbà là. Ẹni tí òkè bá sì jìnnà sí, ìdajì wákàtí ìrìn láàárọ̀ kí ọjà tó ṣí, kò sí ẹni tó gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Ní ti fọ́tò, mo bẹ Akọ̀wé kó bá mi yọ ọ́ kúrò lára ògiri nígbà tí mo bá jókòó. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e padà, mo fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí a kọ òótọ́ sábẹ́ rẹ̀: Ahéré Kejì, 2,850 mítà. Ibi tí mo dé nìyẹn.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ wa nínú àjò. Àjò kò ní dùn kí onílé má relé. Bí a bá padà kà wá lọ́dún tó ń bọ̀, iye wa á pé.